Ìlà tí Àpèkẹ́ Ń Fà sí Ẹ̀gbẹ́ Ìwé

Àpèkẹ́ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó mọ̀wé kà, kò sì sí olùkọ́ kan tó lè dìde sọ pé òun lòun kọ́ ọ. Ara páálí òwú ló ti kọ́ ọ. Òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti síìpù ló ń tà ní ọjà Mont-Bouët ní Libreville, òwú dúdú àti òwú aláró sì máa ń jọra nínú páálí tí wọn kò tíì tú. Ó sú u láti máa bẹ ará ìsọ̀ kejì pé kó bá òun wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń mú eṣinṣin, títí ó fi mú gbogbo wọn.

Nígbà tó mọ̀ ọ́n kà tán, ohun àkọ́kọ́ tó kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni àwọn lẹ́tà Súbérù, ọkọ rẹ̀ àtijọ́. Súbérù ló mú un kúrò ní Ṣakí wá sí Libreville. Kò pẹ́ tí wọ́n dé tó fi ní òun ń lọ sí Malabo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà di ọdún mẹ́ta, ìròyìn dé pé ó ti fẹ́yàwó síbẹ̀, Alfa sì tú ìgbéyàwó náà ká. Lẹ́tà mẹ́tàdínlógún ló kọ láàárín ọdún mẹ́ta yẹn. Ẹlòmíràn ló ń kà wọ́n fún Àpèkẹ́ nígbà náà, òun á máa gbọ́, á máa nu omi ojú. Ìgbà tó wá fi ojú ara rẹ̀ kà wọ́n, ó rí i pé Súbérù fi òun wé oṣù, ó fi òun wé oyin, ó fi òun wé òjò àkọ́rọ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá òrùlé ilé tó fi òun sí ṣì ń jò. Àpèkẹ́ mú pẹ́ńsù. Gbogbo ibi tí irọ́ wà ló fa ìlà gbọọrọ sí ní ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún ti dúdú. Ó kó wọn sínú iná.

Láti ọjọ́ náà kò ka ìwé láìsí pẹ́ńsù lọ́wọ́ mọ́.

Ìwé ìfẹ́ ló sì ń kà jù. Ìyẹn ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní, obìnrin tí ẹnu dídùn ti ṣe báyìí, kí ló tún ń wá lọ sínú ìwé ìfẹ́? Èsì Àpèkẹ́ kò gùn. Ó ní nínú ìwé, èèyàn lè ṣí ewé padà sẹ́yìn kó lọ wo ohun tí ọkùnrin náà ṣèlérí. Ẹnu ọkùnrin gidi kò ṣeé ṣí padà.

Báyìí ni ìwé ṣe ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀ á bá a rà á wá, ẹni tó bá ń kó kúrò nílé á fún un ní ti Faransé. Wọ́n tó ogójì báyìí, lórí pákó nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Sotega. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin tó fẹ́ràn ìwé á wá síbẹ̀, wọ́n á dá èyí tí wọ́n kà tán padà, wọ́n á sì júwe èyí tó dára fún ara wọn. Òfin kan ló wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ìwé kan dùn. Ohun tí wọ́n máa sọ ni ohun tí ọkùnrin inú rẹ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Gbogbo ìwé náà ló wọ ẹ̀wù. Nùrúdíìnì ló rán an fún wọn. Ará Kétu ni, láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa rán aṣọ ìjókòó tàkísì ní Nzeng-Ayong. Ọ̀dọ̀ Àpèkẹ́ ló ti ń ra òwú. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó bá ìwé kan lórí tábìlì rẹ̀ tí ewé rẹ̀ ti ń já bọ́, ó mú un lọ láìwí nǹkan kan, ó sì dá a padà lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ẹ̀yìn tuntun tó fi òwú nílọ́ọ̀nù rán. Láti ìgbà náà ló ti ń fi àjákù aṣọ ìjókòó ọkọ̀ bo gbogbo wọn. Èyí wọ àwọn obìnrin náà lọ́kàn, nítorí àwòrán ẹ̀yìn ìwé mìíràn kì í ṣe ohun tí ìyàwó Alhaji lè gbé kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí. Wọn kì í pe orúkọ ìwé mọ́, àwọ̀ ni wọ́n ń pè: ẹ fún mi ní aláwọ̀ ewé, ẹ bá mi mú olómi ọsàn.

Nùrúdíìnì kò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó dúró níwájú ìsọ̀ Àpèkẹ́, ó ní, "Ìyá Olówùú, mo fẹ́ fẹ́ yín. Wọ́n ń pè mí sí Port-Gentil láti wá máa rán ìjókòó ọkọ̀ ojú omi. Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo máa wọkọ̀. Bí ẹ bá ní kí n dúró, n ó dúró."

Àpèkẹ́ ní òun á rò ó. Nùrúdíìnì mi orí, ó ra òwú funfun, ó lọ.

Àpèkẹ́ rò ó lóòótọ́. Ó rò ó nídìí ìsọ̀, ó rò ó nídìí ìkòkò. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì máa fi parí, ó ti mọ̀ pé òun á ní kó dúró. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn ló fẹ́ sọ fún un. Ọjọ́ náà gan-an ni Nùrúdíìnì wá dá ìwé aláwọ̀ búlúù padà, tó gbé e sílẹ̀, tó sì yára lọ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Bébà kan wà nínú ìwé náà, ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́tà ni.

"Ìwọ ni oòrùn tó ń yọ nínú àyà mi," báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. "Bí o kò bá yọ, ilẹ̀ ọkàn mi kò ní mọ́ láéláé. N ó gbé ọ gun ẹṣin funfun wọ ìlú ìdùnnú, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní kan ilẹ̀ mọ́."

Àpèkẹ́ tún un kà. Ọkùnrin tó ti ń pe òun ní "ẹ̀yin" láti ọdún mẹ́rin ló ń pe òun ní "ìwọ" yìí, tó ń gbé òun gun ẹṣin. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Oòrùn lókè, ìràwọ̀ láàárín, oyin káàkiri. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ìwé aláwọ̀ búlúù, ewé mẹ́rin ló já níbẹ̀, mo ti rán an. Ẹ má gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé, òjò ń wọlé níbẹ̀." Ṣùgbọ́n ìbínú kò jẹ́ kó kà á bó ṣe yẹ. Súbérù kejì, ló wí nínú ara rẹ̀. Ó ká lẹ́tà náà, ó sì pinnu pé kí ọkọ̀ Port-Gentil máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, òjò ń rọ̀ sórí páànù, àwọn méjì péré ló wá. Ọ̀kan ni Mutmainah, ìyàwó Alhaji, tó ń ta sálúbàtà. Èkejì ni Régine, ará Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó ń dirun, tó sì jẹ́ pé ti Faransé ló ń kà jù.

"Ẹ wò ó, mo ti rí òǹkọ̀wé mi," Régine wí, ó gbé ìwé lé itan. "Jeanne lorúkọ rẹ̀. Gbogbo ìwé tó bá kọ, ẹ bá mi wá a. Dókítà ni ọkùnrin inú èyí."

"Kí ló fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe?" Àpèkẹ́ bi í.

"Ó fi gbá ọmọbìnrin náà mọ́ra."

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́."

"Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni kò rí bó ṣe gbá a mọ́ra!"

Mutmainah rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi yọ̀. "Àǹtí, ẹ fi Régine sílẹ̀. Ti Adédàpọ̀ ni kí ẹ jẹ́ ká sọ. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ bíi tirẹ̀. Olómi ọsàn yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kà á. Ọkùnrin inú rẹ̀ rin ìrìn ọjọ́ méjì láti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ṣe é o, ṣé ẹsẹ̀ náà kò sí lára ọwọ́?"

"Ẹsẹ̀ dára," Àpèkẹ́ wí. "Ẹsẹ̀ tó bá rìn dára."

Kò rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Àpèkẹ́ tú bébà tó wà nínú àpò rẹ̀. Kò sọ ẹni tó kọ ọ́. Ó ní, "Èmi náà rí òǹkọ̀wé tuntun. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ bá mi dá a lẹ́jọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lú ohùn gbígbẹ, bí ẹni ń ka iye bọ́tìnnì: "Ìwọ ni oòrùn tó ń yọ nínú àyà mi. Bí o kò bá yọ..."

"...ilẹ̀ ọkàn mi kò ní mọ́ láéláé!" Mutmainah ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Háà, Àǹtí, òǹkọ̀wé tuntun wo? Adédàpọ̀ ni o! Inú olómi ọsàn ló wà."

Àpèkẹ́ ka èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó ní ẹṣin.

"Ìyẹn wà nínú aláwọ̀ ewé," Mutmainah wí. "Ibi tí wọ́n ti fẹ́ sá lọ. 'Ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní kan ilẹ̀ mọ́.'"

"Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀?" Régine béèrè. "Iwin ló fẹ́ fẹ́ ni?"

Wọ́n kó ìwé kúrò lórí pákó. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú lẹ́tà náà ni wọ́n bá, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, nínú ìwé mẹ́sàn-án. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìlà pẹ́ńsù Àpèkẹ́ wà níbẹ̀, gbọọrọ, dúdú. Kò sí ọ̀kan tó wà láìsí ìlà.

Àpèkẹ́ jókòó. Ọkùnrin náà kò fi orí ara rẹ̀ ro irọ́ wọ̀nyí, ìyẹn tù ú lára díẹ̀, lẹ́yìn náà ìbínú rẹ̀ tún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. "Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ló wí. "Gbogbo irọ́ tí mo kórìíra ló ṣà jọ, ló fi ránṣẹ́ sí mi."

"Ta ni?" Régine bi í.

Nígbà náà ló sọ ọ́. Ó sọ ti Nùrúdíìnì, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ti ọkọ̀ ọ̀la. Mutmainah fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Régine ń wo ìlà inú ìwé náà, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Dúró ná. Irọ́ lo ní o ń fàlà sí?"

"Kí ni kí n máa fàlà sí? Òótọ́?"

"Àpèkẹ́, ṣé o lọ sílé ìwé rí?"

"O mọ̀ pé n kò lọ."

"Nílé ìwé, ohun tí tíṣà bá fàlà sí, òun ni ohun tó dára jù. Òun lo máa há sórí. Nùrúdíìnì lọ sílé ìwé Faransé ní Kétu fún ọdún mẹ́rin. Òun ló ń rán ìwé rẹ, ìlà yìí ló ń rí láti ọdún mẹ́rin. Ó gbà pé ohun tó o fẹ́ràn nìyẹn."

Mutmainah yọ́ sọ̀rọ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Èmi náà, ibi tí ẹ bá fàlà sí ni mo kọ́kọ́ máa ń kà. Mo ní àwọn ibi tó wọ Àǹtí lọ́kàn nìyẹn. Bí ìwé kò bá ní ìlà púpọ̀, n kì í mú un."

"Mutmainah!"

"Mo ti há wọn sórí. Mo ń kà wọ́n fún Alhaji."

Régine bú sẹ́rìn-ín. Àpèkẹ́ fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde, ẹ̀rín náà sì kan ibi kan tó dùn ún. Láti ọdún mẹ́rin ló ti rò pé òun ń kọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí láti mọ irọ́ nígbà tí wọ́n bá rí i. Irọ́ náà ni wọ́n ń há sórí.

"Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò," Mutmainah wí, ó fẹ́ fi tù ú nínú.

"Obì ni mo ní n kò fẹ́," Àpèkẹ́ dá a lóhùn, ó sì dìde. Ó ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, èyí tí ìbínú kò jẹ́ kó kà dáadáa lánàá. Ìwé aláwọ̀ búlúù. Ewé mẹ́rin. Fèrèsé. Ó gbé ojú wo fèrèsé yàrá náà. Lóòótọ́, omi òjò ń kán wọlé láti etí rẹ̀, ó ń rọ̀ sórí pákó, sí ibi tó máa ń gbé ìwé aláwọ̀ búlúù sí. Nùrúdíìnì kò wọ yàrá yẹn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ rí.

Àpèkẹ́ lọ sí yàrá tó ń sùn. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló ti mú ìwé kan tí kò wọ ẹ̀wù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, kò sẹ́ni tó mọ òǹkọ̀wé rẹ̀ mọ́. Ẹni Tó Pọnmi Kí N Tó Jí ni orúkọ rẹ̀. Kò fi yá ẹnikẹ́ni rí. Ó máa ń sọ pé nítorí ó ti gbó ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà á kí wọ́n má baà sọ pé kò dùn. Ọkùnrin inú rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ó ń pọnmi, ó ń ṣọ́ ọmọ tó ń ṣàìsàn, ó ń tún ilẹ̀kùn ṣe. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Níbo lẹ ń lọ nínú òjò?" Mutmainah bi í.

"Nzeng-Ayong. Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ sì gbé ìwé yẹn kúrò lẹ́bàá fèrèsé."

Ó dúró létí títì, ó ń na ọwọ́ sí tàkísì. Gbogbo èyí tó bá rọra dúró, á tẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé rẹ̀, á kígbe pé, "Nzeng-Ayong, une place, cinq cents!" Ìjókòó kan ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fáránkì ló ń wí. Ọ̀kan kò dá a lóhùn, ó fi í sílẹ̀. Èkejì fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé ó gbà. Ó wọlé sẹ́yìn, láàárín obìnrin tó gbé ọmọ àti ọkùnrin tó gbé páálí ẹja. Aṣọ ìjókòó ọkọ̀ náà jẹ́ olómi ọsàn, ojú ìránṣọ rẹ̀ sì tọ́ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Àpèkẹ́ mọ ọwọ́ tó rán an. Ó tún mọ̀ ọ́n nínú lẹ́tà tó wà lápò rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ ṣe tò, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, láìyẹ̀.

Ó jókòó, ó ń rò ó. Ọdún mẹ́tàlá ló ti fi pẹ́ńsù wá irọ́ kiri, kò sì fi àmì kan ṣoṣo sí ibi tí òótọ́ wà. Ó rò pé òótọ́ kò nílò àmì. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣí ìwé òun, Súbérù nìkan ni yóò bá pàdé níbẹ̀. Báwo ni ọkùnrin tó fẹ́ mọ òun ṣe máa mọ ohun tí òun fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí òun kò fẹ́ nìkan ni òun ń kọ sílẹ̀?

Ilẹ̀kùn ìsọ̀ Nùrúdíìnì ṣí sílẹ̀. Ó ń dẹrù. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti wà nínú àpò, okùn sì ti yí àpò náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó rí Àpèkẹ́, ó nà ró, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Ìyá Olówùú. Òjò pa yín."

"Òjò pa mí. Ta ló kọ lẹ́tà yìí?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń pè é fún yín tí ẹ fi ń kọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni. N kò gbọ́ Yorùbá inú ìwé dáadáa. Mo wò ó kọ ni, bí mo ṣe ń wo àwòṣe gé aṣọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà mí."

"Ẹ mọ ohun tó wí?"

"Díẹ̀. Oòrùn wà níbẹ̀. Ẹṣin náà wà níbẹ̀." Ó họ orí. "N kò mọ ohun tí ẹṣin ń wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti fàlà sí i. Mo ní ẹni tó ni ìwé mọ ohun tó fẹ́ràn."

"Irọ́ ni mo ń fàlà sí."

Nùrúdíìnì wò ó pẹ́. "Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Irọ́ mẹ́sàn-án ni mo wá fi ọjọ́ mọ́kànlá kọ ránṣẹ́ sí yín."

"Mẹ́sàn-án. Mo kà wọ́n."

Ó jókòó sórí àpò ẹ̀rọ náà, apá rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Kò burú," bí ẹni tó gé aṣọ oníbàárà kúrú jù.

Àpèkẹ́ tú lẹ́tà náà, ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Èyí ńkọ́? Ti ewé mẹ́rin àti fèrèsé. Ìwé wo lẹ ti rí i?"

"Ìyẹn kò sí nínú ìwé. Àyè ló ṣẹ́kù sísàlẹ̀ bébà."

Àpèkẹ́ mú pẹ́ńsù jáde. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè díẹ̀, nítorí kò mọ irú àmì tó yẹ kó fi síbẹ̀, kò fi irú rẹ̀ sí ibì kankan rí. Níkẹyìn, ó fa òbìrí kékeré kan yí ọ̀rọ̀ náà ká, kò yípo dáadáa, ó wọ́ bí ẹyin aláǹgbá. Ó mú ìwé kúrò lábẹ́ aṣọ, ó nà án sí i.

"Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Kò sí ìlà nínú rẹ̀. Ẹ kà á."

"Mo máa ń pẹ́ kí n tó ka ìwé. Èyí á tó oṣù mẹ́fà. Ọ̀la sì ni ọkọ̀."

"Má lọ."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní, má lọ. N kò ní wí i lẹ́ẹ̀kẹta."

Nùrúdíìnì gba ìwé náà. Kò ṣí ojú ewé kan. Ó yí i sẹ́yìn, ó tẹ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó fi etí sí i bó ṣe ń dún. "Òwú ẹ̀yìn rẹ̀ ti rà," ló wí. "Bí mo bá ṣí i báyìí, á tú." Ó dìde kúrò lórí àpò, ó wo okùn tó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. "Abẹ́rẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá."

Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà. Kókó kejì le. Àpèkẹ́ kúnlẹ̀ sí òdìkejì, ó bá a fà á.

"Mo ní òwú lápò," ló wí. "Funfun ni àbí dúdú?"

"Èyíkéyìí. Inú ni yóò wà. Ẹnikẹ́ni kò ní rí i."